Nọ́ọ̀sì tó tún jẹ́ sójà: Kí ló wà nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ológun ní Ghana?

Ní Accra, kì í ṣe gbogbo nọ́ọ̀sì tó bá jáde nílé ẹ̀kọ́ ló máa ń ríṣẹ́ lọ́gán. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á yege ìdánwò, wọ́n á gba ìwé àṣẹ, wọ́n á sin ilẹ̀ bàbá wọn fún ọdún kan, lẹ́yìn náà wọ́n á padà sílé láti máa retí ọjọ́ tí ìjọba máa gbà wọ́n síṣẹ́.

Ìdúró yìí lè gba ọdún púpọ̀. Kí iléèwòsàn ìjọba tó lè gba ẹnikẹ́ni, iléeṣẹ́ ìṣúná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí owó tí wọ́n máa fi san owó oṣù rẹ̀.

Àwọn tí wọ́n tilẹ̀ ti gbà pàápàá kò tíì bọ́. Ní ọdún 2025, àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà jáde sójú pópó ní Accra láti fẹ̀hónú hàn pé àwọn ti ṣiṣẹ́ fún oṣù bíi mẹ́wàá láì rí owó oṣù gbà.

Ìdí nìyí tí ojú ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi wà lára iṣẹ́ ológun. Níbẹ̀, owó oṣù kì í sábà dúró, ibùgbé lè wà, ìwòsàn wà fún ẹbí, owó ìfẹ̀yìntì sì wà lọ́jọ́ iwájú.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nínú ológun kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba lásán. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ti di sójà, ọ̀nà tó bá sì gbà wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló máa pinnu púpọ̀ nínú ohun tó máa jẹ́ ní ogún ọdún sí i.

Èyí ni àlàyé lórí bí iṣẹ́ náà ṣe rí, àwọn tó lè ṣe é, àti ohun tó yẹ kí èèyàn rò kó tó buwọ́ lùwé.

Ibo ni iléèwòsàn 37 ti ṣẹ̀ wá?

Ẹni tó bá ti pápákọ̀ òfurufú ń bọ̀ wá sí àárín ìlú Accra máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléèwòsàn ológun kan tí gbogbo ìlú mọ̀ sí "37".

Àsìkò Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá ń pè ní Ogun Hítílà, ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tí orílẹ̀-èdè náà ṣì ń jẹ́ Gold Coast. Oṣù Keje ọdún 1941 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọ̀gágun George Giffard, tó jẹ́ olórí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà nígbà náà, ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n fẹ́ ibi tí wọ́n á ti máa tọ́jú àwọn sójà tó bá fara gbọgbẹ́. Nọ́ńbà 37 tó ń jẹ́ wá láti inú bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń fi nọ́ńbà pe àwọn iléèwòsàn ológun wọn.

Ogun parí, Ghana gba òmìnira lọ́dún 1957, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò yí padà. Lónìí, ibùdókọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ pàápàá, 37 ni awakọ̀ ń pè é.

Ohun kan tún wà tí àwọn ará Accra fi ń mọ ibẹ̀: àwọn àdán. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn máa ń so rọ̀ sórí igi àyíká iléèwòsàn náà ní ọ̀sán. Ìtàn táwọn èèyàn máa ń sọ ni pé ọba kan ni wọ́n tẹ̀ lé wá síbẹ̀ nígbà tó ń ṣàìsàn, ọba náà kú, àwọn àdán sì kọ̀ láti padà láì rí i.

Iléèwòsàn náà kò mọ sí ti àwọn sójà nìkan mọ́. Àwọn sójà, ẹbí wọn àti aráàlú ló ń gba ìtọ́jú níbẹ̀. Ó tún ní iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí.

Níbi kan gan-an ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í mú: pé èèyàn kàwé ní iléèwé nọ́ọ̀sì 37 kò sọ ọ́ di sójà. Aráàlú lè kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, kó gbàwé ẹ̀rí, kó sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ìgbaniwọlé sí iṣẹ́ ológun jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀.

Ọ̀nà wo ni nọ́ọ̀sì lè gbà wọlé?

Ọ̀nà méjì ló wà láti di nọ́ọ̀sì tó jẹ́ sójà ní Ghana.

Àkọ́kọ́ ni kí èèyàn wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun lásán, lára àwọn tí iléeṣẹ́ ológun ń gbà nítorí pé wọ́n ti ní iṣẹ́ kan lọ́wọ́. Awakọ̀, alásè, káfíńtà, mẹkáníìkì àti nọ́ọ̀sì ló wà nínú ọ̀wọ́ yìí. Àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí dípúlómà ló sábà máa ń gba ibẹ̀ wọlé.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn sójà tuntun ní Shai Hills, ní ìta Accra, ni àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ ti ń gba ìdálẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n á sáré, wọ́n á kọ́ bí wọ́n ṣe ń yan, wọ́n á kọ́ ìbọn yíyìn, bí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì rí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, tí wọ́n á máa gòkè lọ sí Corporal, Sergeant, títí dé Warrant Officer.

Ọ̀nà kejì ni kí èèyàn wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá sójà. Àwọn tó gboyè ìmọ̀ nọ́ọ̀sì ní fásitì tàbí tó ní ìmọ̀ àkànṣe ni ọ̀nà yìí wà fún. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun tó wà ní Teshie, létí òkun ní Accra, ni wọ́n ti ń kọ́ wọn.

Àwọn wọ̀nyí ló máa ń di Lieutenant, Captain, Major, tí àwọn díẹ̀ nínú wọn sì máa ń dé Lieutenant Colonel tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀nà kẹta wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti sójà. Àwọn nọ́ọ̀sì aráàlú máa ń ṣiṣẹ́ ní iléèwòsàn ológun gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ètò ààbò. Wọn kò ní ipò ológun, wọn kì í sì í bá ikọ̀ ọmọ ogun lọ sójú ogun.

Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọn?

Nínú wọ́ọ̀dù, aláìsàn lè má mọ ìyàtọ̀ kankan. Abẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n ń fún un, ojú ọgbẹ́ kan náà ni wọ́n ń wẹ̀.

Ṣùgbọ́n nínú ológun, ipò ni ohun gbogbo ń tẹ̀ lé. Owó oṣù, irú ilé tí èèyàn ń gbé, ibi tó ti ń jẹun, ẹni tó gbọ́dọ̀ kí ẹni, àti ẹni tó lè pàṣẹ fún ẹni, ipò ló ń sọ ọ́.

Ẹ wò ó báyìí: nọ́ọ̀sì kan lè ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, kó ti di Sergeant, kó sì mọ iṣẹ́ náà dénú. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Teshie dé gẹ́gẹ́ bí Lieutenant máa dé bá a níbẹ̀, Sergeant náà ló sì máa kí i ní ìkíni ológun.

Nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n máa ń sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nínú iléèwòsàn ológun, àkísà yìí wúlò gan-an nígbà tí aláìsàn bá ń kú lọ, ọ̀gá tó gbọ́n sì máa ń béèrè lọ́wọ́ Sergeant. Síbẹ̀, ipò ni àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó wọlé láti ìsàlẹ̀ lè di ọ̀gá o. Ó lè padà lọ kàwé sí i, kó gboyè, kó sì kọ̀wé pé òun fẹ́ di ọ̀gá sójà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà fún un, nítorí àyè kì í pọ̀, ọjọ́ orí náà kì í sì í dúró.

Ìdí rèé tó fi yẹ kí ẹni tó ní dípúlómà ronú dáadáa: ṣé kó wọlé nísinsìnyí láti ìsàlẹ̀, kó máa gba owó oṣù, tàbí kó lọ fi ọdún díẹ̀ gboyè fásitì, kó sì wọlé láti òkè? Kò sí ìdáhùn kan tó bá gbogbo èèyàn mu. Ẹni tó ń bọ́ àwọn òbí àti àbúrò lè má ní agbára láti dúró.

Kí ni wọ́n máa ń béèrè?

Iléeṣẹ́ ológun máa ń kéde nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba èèyàn, kì í sì í ṣe ìgbà gbogbo. Ìkéde kọ̀ọ̀kan ló máa ń sọ iye ọjọ́ orí tí wọ́n fẹ́ àti irú òṣìṣẹ́ tí wọ́n nílò, nítorí náà ìkéde ọdún tó kọjá kò tó èèyàn láti gbára lé.

Àwọn nǹkan tó sábà máa ń wà níbẹ̀ nìyí:

Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ bíbí Ghana.

Ọkùnrin gbọ́dọ̀ ga tó mítà 1.68, obìnrin gbọ́dọ̀ ga tó mítà 1.57.

Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Ghana.

Ẹni tó gboyè fásitì gbọ́dọ̀ ti sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Kò gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ ìwà ọ̀daràn, ara rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ le dé ibi tó lè kojú àyẹ̀wò dókítà àti eré sísá.

Ti ọmọ bíbí Ghana yìí kan àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ gan-an. Yorùbá ti ń ṣòwò ní Accra, Kumasi àti Tamale láti ayébáyé, ọ̀pọ̀ ìdílé kò sì gbàgbé Oṣù Kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Kofi Busia ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàrin ọ̀sẹ̀ méjì.

Gẹ́gẹ́ bí ìwé òfin Ghana ti ọdún 1992 ṣe sọ, pé wọ́n bí èèyàn sí Accra nìkan kò sọ ọ́ di ọmọ Ghana. Ó gbọ́dọ̀ ní bàbá, ìyá, tàbí òbí àgbà kan tó jẹ́ ọmọ Ghana. Ọmọ Yorùbá tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Gà tàbí Àṣáńtì lè wọ iṣẹ́ ológun. Èyí tí gbogbo ẹbí rẹ̀ ṣì ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà kò lè wọ̀ ọ́, kódà bó bá gbọ́ Twi ju Yorùbá lọ.

Bí àwọn èèyàn ṣe ń dù ú tó

Ní ọjọ́ 12, Oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ọ̀pọ̀ èrò tú lọ sí pápá ìṣeré El-Wak ní Accra fún àyẹ̀wò ìgbaniwọlé sí iṣẹ́ ológun. Iléeṣẹ́ ọmọ ogun Ghana sọ pé èrò náà pọ̀ kọjá bí àwọn ṣe rò, wọ́n sì ya wọ ẹnubodè kí àkókò tó tó.

Èèyàn mẹ́fà ló kú níbẹ̀. Iléèwòsàn 37 ni wọ́n gbé àwọn tó fara pa lọ.

Ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn fi hàn bí ebi iṣẹ́ ṣe ń pa àwọn ọ̀dọ́ tó. Ó tún jẹ́ àǹfààní fún àwọn oníjìbìtì. Ní Ghana, wọ́n ń pe kí èèyàn ní ẹni tó máa tì í wọlé ní "protocol". Ohun tí Yorùbá ń pè ní ẹsẹ̀ gígùn náà ni.

Ẹni tó bá sọ pé kí èèyàn sanwó fún òun kí òun lè fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, olè ni. Ojúlé iléeṣẹ́ ológun Ghana lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti ìkéde wọn nínú ìwé ìròyìn ni ibi tó yẹ kí èèyàn ti wádìí.

Kí ni nọ́ọ̀sì ológun ń ṣe gan-an?

Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti nọ́ọ̀sì yòókù: ìtọ́jú aboyún, ìtọ́jú ọmọdé, wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, ẹ̀ka pàjáwìrì.

Ìyàtọ̀ máa ń hàn nígbà tí àjálù bá dé.

Ní Oṣù Karùn-ún ọdún 2001, èèyàn tó lé ní 120 kú ní pápá ìṣeré Accra lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá yin afẹ́fẹ́ tajútajú síbi tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ti ń bínú. Ní alẹ́ ọjọ́ 3, Oṣù Kẹfà ọdún 2015, ilé epo kan gbiná nítòsí Kwame Nkrumah Circle nígbà tí omi ti ya bo ìlú. Èèyàn tó lé ní 150 ló kú.

Iléèwòsàn 37 wà lára àwọn ibi tí wọ́n gbé òkú àti àwọn tó jóná lọ lẹ́yìn iná náà. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, sójà tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kò lè sọ pé àsìkò òun ti pé. Bí wọ́n bá pè é láti ilé, ó gbọ́dọ̀ wá.

Nọ́ọ̀sì ológun náà tún máa ń bá ikọ̀ jáde lọ síbi ìdálẹ́kọ̀ọ́ nínú igbó, ó lè wà ní iléèwòsàn kékeré inú bárékè ní ìlú mìíràn, ó sì lè wà lọ́dọ̀ ọmọ ogun ojú omi tàbí ti òfurufú. Ibi tí wọ́n bá ní kó lọ ló ń lọ.

Àwọn ibi tí wọ́n lè gbé e lọ lè pọ̀ sí i. Iléèwòsàn ológun mìíràn tó máa ní ibùsùn 500 wà ní Afari, nítòsí Kumasi. Ọdún 2014 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó sì falẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Lílọ sí ilẹ̀ òkèèrè pẹ̀lú àjọ UN

Kò sí ohun tó ń wu àwọn ọ̀dọ́ nínú iṣẹ́ ológun Ghana tó iṣẹ́ ìpẹ̀tùsááwọ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, UN.

Ghana ti wà nídìí rẹ̀ tipẹ́. Àwọn sójà rẹ̀ lọ sí Congo lọ́dún 1960, wọ́n dúró ní Rwanda lọ́dún 1994 nígbà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kó tiwọn kúrò, wọ́n sì ti wà ní Lebanon láti ọdún 1979.

UN pín ìtọ́jú ìṣègùn lójú iṣẹ́ yìí sí ìpele mẹ́rin. Ìpele kìíní ni ibi ìtọ́jú kékeré tó wà pẹ̀lú ikọ̀ ọmọ ogun. Ìpele kejì lè ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò le jù. Ìkẹta ní àwọn onímọ̀ àkànṣe. Ìpele kẹrin ni iléèwòsàn ńlá tó wà ní ìta ibi ìjà, níbi tí wọ́n máa ń gbé ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá le lọ.

Nígbà tí UN wà ní Liberia, láti ọdún 2003 sí 2018, iléèwòsàn 37 ní Accra wà lára àwọn ibi ìpele kẹrin yìí. Ní ọdún 2014, Accra náà ni UN fi ṣe olú ibùdó iṣẹ́ pàjáwìrì tó gbé dìde lórí àrùn Ebola.

Fún nọ́ọ̀sì, ìrìnàjò báyìí jẹ́ ìmọ̀ àti owó. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọ̀rọ̀ owó náà yéni. Ní ọdún 2018, UN gbà láti máa san dọ́là 1,428 lóṣù lórí sójà kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ìjọba ni owó náà ń lọ, kì í ṣe àpò sójà. Ìjọba ló ń pinnu iye tó máa fún sójà gẹ́gẹ́ bí owó àjẹmọ́nú.

UN tún fẹ́ kí àwọn obìnrin pọ̀ sí i. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n tó ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún láàrin àwọn ikọ̀ ọmọ ogun kó tó di ọdún 2028. Èyí ń ran àwọn obìnrin nọ́ọ̀sì lọ́wọ́.

Síbẹ̀, ọjà yìí ń tú. Iṣẹ́ UN ní Mali parí lọ́dún 2023. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìgbìmọ̀ ààbò UN pinnu pé iṣẹ́ ti Lebanon máa dópin ní ìparí ọdún 2026, lẹ́yìn tó ti jẹ́ ibi tí àwọn sójà Ghana ti ń lọ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Ẹni tó bá ń wọ iṣẹ́ ológun lónìí nítorí owó UN gbọ́dọ̀ mọ̀ pé owó náà lè má dúró dè é.

Ṣé sójà ni àbí nọ́ọ̀sì?

Ìbéèrè yìí ló le jù, òfin àgbáyé sì ti dáhùn apá kan nínú rẹ̀.

Àdéhùn Geneva ti ọdún 1949 sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera inú ológun gbọ́dọ̀ gba ààbò lójú ogun. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ yìnbọn lù wọ́n. Wọ́n lè gbé ìbọn kékeré, ṣùgbọ́n láti fi gba ara wọn àti aláìsàn wọn sílẹ̀ ni, kì í ṣe láti fi jagun.

Wọ́n ní ojúṣe tiwọn náà. Ọ̀tá tó fara gbọgbẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú bíi ti sójà wọn. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dà jù ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá lóhùn, láì wo irú aṣọ tó wọ̀.

Nítorí náà, bí ọ̀gá kan bá pàṣẹ pé kí nọ́ọ̀sì fi ọ̀tá tó ń kú lọ sílẹ̀ nítorí pé ó jẹ́ ọ̀tá, àṣẹ náà lòdì sófin. Ó rọrùn láti kà nínú ìwé. Ó ṣòro fún ẹni tó jẹ́ Corporal níwájú Major. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ nípa òfin ogun fi ṣe pàtàkì bí ẹ̀kọ́ nípa oògùn.

Kí ni èèyàn ń fi sílẹ̀?

Àkọ́kọ́ ni ẹ̀tọ́ láti yanṣẹ́ lódì. Ní Oṣù Kẹfà ọdún 2025, ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí Ghana daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè nítorí àdéhùn lórí owó àti àwọn ẹ̀tọ́ wọn. Nọ́ọ̀sì tó jẹ́ sójà kò lè bá wọn dá a. Nínú ológun, ohun tí aráàlú ń pè ní ìyanṣẹ́lódì lè di ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀.

Èkejì ni òmìnira láti lọ. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì Ghana ló ń wá ọ̀nà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà tàbí Canada, débi pé Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi Ghana àti Nàìjíríà sínú orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè 55 tó ní kí àwọn tó lówó má ṣe máa lọ ṣa òṣìṣẹ́ ìlera wọn. Nọ́ọ̀sì aráàlú lè kọ̀wé fipò sílẹ̀ kó sì wọkọ̀ òfurufú. Sójà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ láì gbàṣẹ ti di ìsáǹsá, wọ́n sì lè mú un.

Bí ológun bá rán nọ́ọ̀sì lọ kàwé, wọ́n sábà máa ń béèrè pé kó sìn fún iye ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó ní okùn nídìí.

Ẹ̀kẹta ni ilé. Ìyàwó tàbí ọkọ lè wà ní Accra kí nọ́ọ̀sì wà ní Tamale tàbí ní ilẹ̀ òkèèrè fún oṣù púpọ̀. Ìyá ọlọ́mọ kékeré ló máa ń ru ẹrù yìí jù.

Ní ọwọ́ kejì, ọjọ́ ogbó sójà ní ìfọ̀kànbalẹ̀ díẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì Ghana ti ọdún 2008 yọ àwọn ológun sọ́tọ̀ kúrò nínú ètò tí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ń dáwó sí. Ètò àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní CAP 30 ni wọ́n ṣì wà lórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ aráàlú sì ti ń béèrè pé kí wọ́n fi àwọn náà sí i.

Báwo ló ṣe rí ní Nàìjíríà àti níbòmíràn?

Ní Nàìjíríà, nọ́ọ̀sì ló ṣílẹ̀kùn fún àwọn obìnrin. Josephine Tolefe, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá nínú iléeṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ Nàìjíríà, lọ́dún 1961. Ó dé ipò Captain.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Aderonke Kale, ọmọ Yorùbá tó jẹ́ dókítà ọpọlọ, gba ẹ̀ka ìṣègùn gòkè títí tó fi di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ Major General ní Nàìjíríà láàrin ọdún 1990 sí 1999. Òun náà ló darí ẹ̀ka ìṣègùn ọmọ ogun orí ilẹ̀.

Iléeṣẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà ní iléèwé nọ́ọ̀sì tirẹ̀ ní Yaba, l'Ékòó, níbi tí iléèwòsàn ológun 68 wà. Bíi ti Ghana, ọ̀nà ọmọ ogun lásán wà, ọ̀nà ọ̀gá sì wà fún àwọn tó gboyè.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n pa ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ológun tó ń jẹ́ orúkọ Ọbabìnrin Alexandra pọ̀ mọ́ ti àwọn dókítà àti ti onísègùn eyín ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth bíi Nàìjíríà àti Ghana lè béèrè láti wọ ológun ibẹ̀, bí wọ́n bá kún ojú òṣùwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, tí ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì ológun rẹ̀ ti wà láti ọdún 1901, nọ́ọ̀sì tó gboyè, tó sì ní ìwé àṣẹ, máa ń wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń béèrè pé kó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Ẹni tó ní ìwé ìgbélùú nìkan lè wọlé láti ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ó sábà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè náà kó tó lè di ọ̀gá.

Ohun tó yẹ kí nọ́ọ̀sì béèrè kó tó buwọ́ lùwé

Ipò wo ni wọ́n fẹ́ fi mí wọlé, ibo sì ni ipò náà lè gbé mi dé?

Ọdún mélòó ni mo gbọ́dọ̀ sìn kí n tó lè fipò sílẹ̀?

Bí mo bá lọ kàwé sí i, ta ló máa sanwó, ọdún mélòó ni mo sì máa fi san án padà?

Ṣé wọ́ọ̀dù ni mo máa wà ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àbí iṣẹ́ sójà máa gba ọwọ́ mi débi tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mi á fi máa dógùn-ún?

Ta ló máa tọ́jú àwọn ọmọ mi bí wọ́n bá ní kí n máa lọ lọ́la?

Ẹni tó bá ti wà nínú iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ ló lè dáhùn àwọn ìbéèrè yìí jù, pàápàá àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò sí ọ̀gá lórí wọn mọ́. Ó yẹ kí nọ́ọ̀sì bá ọ̀kan tó wọlé láti ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀, kó sì bá ọ̀kan tó wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá sọ̀rọ̀, kó tó gbé fọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn tó bá ti búra tán, kò rọrùn láti yí ọ̀nà tó gbà wọlé padà.